Ẹ̀jẹ̀ Tó Pọ̀ Jù: Ohun Tó Ń Fà Á àti Ohun Tó Yẹ Kí Á Ṣe

Ẹ̀kọ́ kéwú ni ẹ mọ̀ mọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìlera ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Kò sì jìnnà sí ẹ̀sìn, nítorí pé àmáánà ni ara tí a fi ń kírun tí a sì fi ń gba ààwẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré.

OHUN TÓ MÚ WA KỌ Ẹ̀KỌ́ YÌÍ

Ní ọdún tó kọjá, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ará wa fẹ́ bímọ, wọ́n sì ní kí á wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dè é. Àwa mẹ́ta ni a lọ sí ọsibítù. Àlùbọ́sà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Ìbàdàn, a kò tíì sinmi rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọkọ̀ ẹrù rìn mọ bó ṣe máa ń rí: a kì í fẹ́ mu omi lójú ọ̀nà, kí á má baà máa dá dírẹ́bà dúró nítorí ìtọ̀. Nínú gbogbo ooru yẹn, omi tí a mu láàrin ọjọ́ méjì kò ju ife mẹ́rin lọ.

Wọ́n gún wa lọ́wọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. PCV ti ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ 44, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Tiwa jẹ́ 53. Ti ẹnì kẹta, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wa láti ilé kéwú, jẹ́ 60. Inú àwa méjèèjì dùn. A rẹ́rìn-ín, a ní ẹ̀jẹ̀ tiwa ló pọ̀ jù lọ nínú gbogbo àwọn tó wá lọ́jọ́ náà. Ọmọkùnrin tó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màláámù, èyí kì í ṣe ohun ìyangàn. Ẹ lọ mu omi dáadáa, ẹ sinmi, kí ẹ padà wá lọ́jọ́ kẹta."

Nígbà tí a padà lọ, tiwa ti wálẹ̀ sí 47. Ti ọ̀rẹ́ wa ṣì jẹ́ 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di 61. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ó ti tó ọdún kan tí orí ti ń fọ́ ọ tí òòyì sì ń kọ́ ọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ló sì ń rà ní kẹ́mísítì lóṣooṣù, tó ń mu ún pé ẹ̀jẹ̀ òun kò tó. Dókítà bi í pé ta ló ní kó máa mu ún. Ó bojú wò wá, kò dáhùn. Àwa ni. Àwa gan-an ni a júwe rẹ̀ fún un ní ọjọ́ tó sọ fún wa pé òòyì ń kọ́ òun.

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí tí a fi ń kọ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà, a ti bi àwọn tó mọ̀ ọ́n, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀?

Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe omi pupa lásán. Omi tí àwọ̀ rẹ̀ jọ omi ògì wà nínú rẹ̀, àwọn hóró kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí sì ń léfòó nínú omi yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni hóró pupa, òun ló fún ẹ̀jẹ̀ ní àwọ̀ rẹ̀. Alááàárù ni àwọn hóró pupa yìí. Nínú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ti ń gbé ẹrù, ẹrù wọn sì ni ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tí a ń mí símú. Wọn á gbé e lọ sí ọpọlọ, sí ẹsẹ̀, sí ibi gbogbo, wọn á sì padà wá gbé òmíràn.

Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe hóró pupa. Hóró kan máa ń lò tó 120 ọjọ́ kó tó gbó, tí ara á sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ta ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe púpọ̀ tàbí díẹ̀? Kíndìnrín ni. Bí kíndìnrín bá rí i pé ọ́síjìn tó ń dé ọ̀dọ̀ òun kò tó, á fi oje kan tí àwọn dókítà ń pè ní erythropoietin ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn pé kó gba alááàárù sí i. Bí ọ́síjìn bá tó, á dín oje náà kù.

Ẹ má ṣe rò pé ìmọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ti àwọn òyìnbó nìkan. Ibn an-Nafis, oníṣègùn Mùsùlùmí tó kàwé ní Damascus tó sì ṣiṣẹ́ ní Cairo, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 1242 pé láti apá ọ̀tún ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá, pé ibẹ̀ ló ti ń pàdé afẹ́fẹ́ kó tó dé apá òsì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, títí di ọdún 1924 tí dókítà ará Íjíbítì kan, Muhyi al-Din al-Tatawi, rí ìwé náà nínú ilé ìkówèésí kan ní Berlin.

ÌTUMỌ̀ PCV

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe ògì, ẹ ó tètè lóye èyí. Bí a bá sẹ́ ògì sínú ìkòkò tán, tí a fi í sílẹ̀, ògì á rògún sí ìsàlẹ̀, omi á sì tòrò sókè. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹ̀jẹ̀ wa nínú láàbù nìyẹn. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín, wọ́n á fi ẹ̀rọ yí i kíákíá, hóró pupa á sì rògún sí ìsàlẹ̀. Wọ́n á wá wọn ibi tí ó ga dé. Bí wọ́n bá ní PCV yín jẹ́ 42, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ yín sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ọ̀nà 42 jẹ́ hóró pupa.

Fún ọkùnrin àgbà, ó sábà máa ń wà láàrin 40 sí 50. Fún obìnrin, láàrin 36 sí 46, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láàbù kan lè fi díẹ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2016, bí ti ọkùnrin bá ju 49 lọ, tàbí ti obìnrin bá ju 48 lọ, tí kò sì wálẹ̀, ó yẹ kí dókítà wádìí bóyá mùdùnmúdùn ló ń ṣàìsàn.

Nínú ìkòkò ògì, ọ̀nà méjì ló wà tí ògì fi lè dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù. Bí a kò bá fi ògì kún un, ṣùgbọ́n tí omi rẹ̀ gbẹ, ògì á dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ohun tó ṣe àwa nìyẹn: omi ara wa ló gbẹ, hóró pupa wa kò lé sí i. Ọ̀nà kejì ni kí a da ògì sí i ní tòótọ́. Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ wa nìyẹn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí kò lè mọ ohun tí yóò ṣe.

KÌ Í ṢE Ẹ̀JẸ̀ RÍRU

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wí pé "ẹ̀jẹ̀ mi pọ̀ jù" nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni dókítà bá wọn sọ. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara ògiri iṣan bó ṣe ń ṣàn lọ. Ohun tí wọ́n ń so mọ́ apá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lè kéré níye kó sì tún máa ru. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò gbọ́dọ̀ lọ fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ pé kó lè dínkù, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ nítorí pé PCV rẹ̀ dára.

KÍ NI EWU RẸ̀?

Bí ẹ̀kọ bá ki jù, kì í ṣàn. Bí hóró pupa bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á ki, ọkàn á máa ṣe làálàá kó tó lè tì í lọ, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan. Bó bá dì nínú iṣan ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ ti ọkàn, àyà á dunni gidigidi, ó sì lè pa ènìyàn lójijì. Bó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á wú, á sì máa roni. Èyí tó dì ní ẹsẹ̀ lè já, kó lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń gbọ́ pé wọ́n fi nǹkan gbá ẹnì kan lọ́jà. A kò sọ pé èyí ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí a tó wá ẹni tí a ó di ẹ̀bi rù, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wá àyẹ̀wò.

ÀWỌN OHUN TÓ Ń FÀ Á

Èkíní ni omi ara tó gbẹ. Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe. Láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ọdún, ooru Sókótó máa ń ju ìwọ̀n 40 lọ lójú ọ̀sán. Nígbà ọyẹ́, òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ wá, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi jáde lára wa láì jẹ́ kí a mọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì, iná tó jóni, àti àwọn oògùn tó ń mú ni tọ̀ púpọ̀ lè fa ohun kan náà. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ má ṣe dá a dúró fúnra yín, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ ń lò ó.

Ẹ̀kejì ni ọ́síjìn tí kò tó. A ti sọ pé bí ọ́síjìn kò bá tó, kíndìnrín á ní kí wọ́n gba alááàárù sí i. Àwọn tó ń gbé orí òkè gíga, níbi tí ọ́síjìn ti kéré, máa ń ní hóró pupa púpọ̀. La Paz ní orílẹ̀-èdè Bolivia ga ju 3,600 mítà lọ. Ní orílẹ̀-èdè Peru, láàrin àwọn ọdún 1920, Carlos Monge tó jẹ́ dókítà níbẹ̀ kọ ìwé nípa àìsàn àwọn ará òkè tí hóró pupa wọn ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Sókótó kì í ṣe ìlú orí òkè, nítorí náà a kò lè di ẹrù yìí lé òkè lórí. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ rò. Ẹni tó ń han-run gidigidi, tí èémí rẹ̀ máa ń dúró díẹ̀ lójú oorun, kí ó tún ta gìrì mí, wà nínú èyí pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyàwó ilé ni ẹ máa ń gbọ́ ọ. Ẹ má fi ṣe àwàdà nìkan, ẹ sọ fún un.

Ẹ̀kẹta ni èéfín. Nínú èéfín sìgá, èéfín jẹnẹrétọ̀ àti èéfín èédú, gáàsì kan wà tí a ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó máa ń di hóró pupa mú ju bí ọ́síjìn ṣe ń dì í mú lọ ní ìlọ́po tó ju igba lọ. Ẹ wò ó báyìí: alááàárù yín wà lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti gbé ẹrù tirẹ̀ kà wọ́n lórí. Wọ́n ń rìn, wọn kò sì gbé ẹrù yín. Kí lẹ ó ṣe? Ẹ ó gba òmíràn sí i. Ohun tí ara amusìgá ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Ti jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ burú ju èyí lọ, nítorí pé bí ènìyàn bá tàn án sínú ilé tàbí sí ẹnu fèrèsé kí ó tó sùn, ó lè pa gbogbo ará ilé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni àṣẹ tí kò tọ́. Nígbà mìíràn kókó lè wà nínú kíndìnrín tàbí nínú ẹ̀dọ̀ki, kí ó máa tú oje erythropoietin jáde nígbà tí ara kò nílò rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan náà sì wà tó ń gba abẹ́rẹ́ testosterone kí iṣan wọn lè yọ. Ó máa ń mú hóró pupa pọ̀ sí i. Àwọn eléré ìdárayá kan tilẹ̀ ń gún ara wọn ní erythropoietin kí wọ́n lè sáré ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Lance Armstrong, ará Amẹ́ríkà tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje, jẹ́wọ́ ní ọdún 2013 pé òun lò ó. Wọ́n ti gba oyè méje Tour de France lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2012.

Ẹ̀karùn-ún ni àìsàn mùdùnmúdùn fúnra rẹ̀. Níhìn-ín, kò sí ẹni tó pàṣẹ, mùdùnmúdùn ló kàn ń ṣe hóró láìdáwọ́ dúró. Polycythaemia vera ni orúkọ rẹ̀. Louis Henri Vaquez ló kọ́kọ́ ṣe àlàyé rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1892, William Osler sì fi kún un ní ọdún 1903. Ní ọdún 2005 ni wọ́n rí i pé àbùkù kan tó wà lára àbùdá tí wọ́n ń pè ní JAK2 ló ń fà á. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ní àìsàn náà, ó lé ní 95 tó ní àbùkù yìí. A kì í sábà bí i mọ́ni, kì í sì í ràn. Àwọn àgbàlagbà ló ń ṣe jù, ṣùgbọ́n ó lè ṣe ẹni tí kò tíì dàgbà púpọ̀.

TI ÀWỌN ỌMỌDÉ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fetí sí èyí. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí tòun ti ihò nínú ọkàn, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò gbé ọ́síjìn fi ń dà pọ̀ mọ́ èyí tó gbé e. Hóró pupa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pọ̀ gan-an. Ètè àti ahọ́n rẹ̀ á máa dúdú bí aró, pàápàá nígbà tó bá ń sunkún. Bó bá sáré díẹ̀, á lóṣòó kó tó lè mí dáadáa. Orí ìka rẹ̀ á wú róbótó. Ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì rò pé eré ló ń ṣe. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, nítorí pé iṣẹ́ abẹ wà tó lè tún ọ̀pọ̀ nínú irú ọkàn bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ọmọ tuntun náà lè ní hóró pupa tó pọ̀ jù, pàápàá bí ìyá rẹ̀ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, tàbí bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú ìbejì tí wọ́n jọ pín olóbì kan. Bí ọmọ tuntun bá pupa ju bó ṣe yẹ lọ, tó ń sùn ṣáá, tí kò fẹ́ mu ọmú, ẹ tètè gbé e padà.

ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀

Orí fífọ́, òòyì, ojú ríran bàìbàì, ariwo nínú etí, àárẹ̀. Ara tó ń yún gidigidi lẹ́yìn tí a bá wẹ̀ tán, pàápàá bí omi bá gbóná. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń jóni bí iná. Ìhà òsì tó ń wúwo, tí oúnjẹ díẹ̀ sì ń yóni. Imú tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nínú ìwé òyìnbó, wọ́n ní ojú á pọ́n. Lára àwa tí a dúdú, inú ìpéǹpéjú àti ètè ni kí ẹ ti wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: orí fífọ́, òòyì àti àárẹ̀ ni àmì àìtó ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Òun náà ni àmì ibà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ibi tí àwa ti ṣìnà nìyí. A gbọ́ òòyì, a sì dá a lẹ́jọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Òòyì kò lè sọ èyí tó jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́. Bí hóró pupa ẹnì kan bá ti pọ̀ jù, tí mùdùnmúdùn rẹ̀ sì ń ṣàìsàn, irin tó wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ dà bí epo tí a bù sínú iná. Bí kò bá tilẹ̀ ṣe èyí, ó máa ń mú kí ènìyàn jókòó sílé pé òun ń tọ́jú ara òun, nígbà tí àìsàn ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

A kò sọ pé oògùn ẹ̀jẹ̀ burú. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó pọ̀ láàrin wa ju àwọn tí tiwọn pọ̀ jù lọ. Aláboyún tí nọ́ọ̀sì fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀, kó máa lò ó. Ohun tí a ń sọ ni pé kí á yẹ̀ ẹ́ wò kí á tó mu ún.

HÌJÁMÀ ŃKỌ́?

Àwọn kan yóò sọ pé, "Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀, ṣebí hìjámà ni." Sunna ni hìjámà, àwa kò sì ní bá sunna jà láéláé. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé fífa ẹ̀jẹ̀ ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún polycythaemia vera ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọsibítù ní ìwọ̀n. Inú iṣan ni wọ́n ti ń fà á, ó sábà máa ń tó 450 mílílítà lẹ́ẹ̀kan fún àgbàlagbà, bí i ti ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ṣe ìtọrẹ. Wọ́n á yẹ PCV wò, wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò, títí yóò fi wálẹ̀ kúrò lókè 45. Ìdí tí wọ́n fi mú 45 ni ìwádìí tí àwọn dókítà ní Ítálì ṣe lórí 365 aláìsàn, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2013. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kí tiwọn wà láàrin 45 sí 50 ní ikú àìsàn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ dídì tó le ní ìlọ́po bíi mẹ́rin ju àwọn tí tiwọn wà lábẹ́ 45 lọ. Wọ́n tún máa ń fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní aspirin díẹ̀ díẹ̀, tàbí hydroxyurea. Kì í ṣe oògùn tí ènìyàn lè rà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí ìwo wànzáámì ń fà kéré, kò sì sẹ́ni tó mọ PCV ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ọmọ tó ní foníkú-fọláàrùn tàbí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, tí wọ́n bá tún fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n pa á lára ni. Bí abẹ kan bá sì ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, àrùn ẹ̀dọ̀ àti kòkòrò HIV lè bá a lọ. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣe hìjámà láti jẹun, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè korò lẹ́nu yín, ṣùgbọ́n ẹ gbà á lọ́wọ́ wa: abẹ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó fi ọsibítù sílẹ̀.

ÀÀWẸ̀ NÍNÚ OORU

Láti ọdún 2021 sí 2024, àárín ìgbà ooru Sókótó ni Ràmàdáánì bọ́ sí. Ó ti ń kúrò níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n yóò tún yí padà wá. Ẹni tí ara rẹ̀ yá, kí ó máa pín omi mu láti ìgbà ìṣínu títí di sààrì. Kí ó má ṣe dúró di sààrì kó tó da gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àáyà 184 àti 185 nínú Súúrà Bákárà ti fi ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò láti san ààwẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki, kí ó bi dókítà àti alfa rẹ̀ léèrè kí ó tó gba ààwẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú gbígba ìrọ̀rùn tí Ọlọ́run fúnni.

OHUN TÓ YẸ KÍ Á ṢE

1. Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Omi ò lọ́tàá. Ẹni tí dókítà ti wọn omi fún nítorí àìsàn kíndìnrín tàbí ti ọkàn nìkan ni kó tẹ̀lé ìwọ̀n tirẹ̀.

2. Bí PCV yín bá ga, ẹ má sá, ẹ má sì yangàn. Ẹ mu omi, ẹ sinmi, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bí kò bá wálẹ̀, ẹ lọ sí ibi tí dókítà ẹ̀jẹ̀ wà. Ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Usmanu Danfodiyo wà nítòsí wa níbí.

3. Ẹ sọ òtítọ́ fún dókítà: sìgá, oògùn, abẹ́rẹ́, ìhanrun, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

4. Ẹ má ṣe ra oògùn ẹ̀jẹ̀ láìṣe àyẹ̀wò, ẹ má sì júwe rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

5. Bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ lójijì, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kò ṣeé gbé, tàbí tí àyà ń dùn ún gidigidi, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn ìrun, kì í ṣe ní ọjọ́ kejì.

BÍ Ọ̀RỌ̀ Ọ̀RẸ́ WA ṢE PARÍ

Ìyàwó ará wa bímọ láyọ̀, tìyá tọmọ ló wà ní àlàáfíà. Ní ti ọ̀rẹ́ wa, nígbà tí dókítà bi í bóyá ó ń mu sìgá, ó ní rárá. Dókítà ní kí àwa bọ́ síta. Nígbà tí a padà wọlé, omi wà lójú rẹ̀. Ogún ọdún ló ti ń mu sìgá ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ìtìjú àwa alfa. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó ń sùn sí náà ni jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò JAK2, wọn kò rí àbùkù náà níbẹ̀. Wọ́n ya àwòrán kíndìnrín rẹ̀, kò sí kókó. Èéfín ni. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, ó sì jáwọ́ nínú sìgá, ó tún mu ún, ó tún jáwọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, PCV rẹ̀ di 51. Orí fífọ́ ti dáwọ́ dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí á kọ ọ́ síbí, kí á má dárúkọ òun.

Ohun kan tún wà tí a kọ́. Bí kò bá jẹ́ pé ó ń bẹ̀rù ohun tí a ó sọ, bóyá ì bá ti sọ fún wa tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí ilé wa àti ilé kéwú wa jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè jẹ́wọ́ àìlera rẹ̀ láìsí pé wọ́n á fi ṣẹ̀sín. Àwa ti gbé àmù omi méjì sí ẹnu ọ̀nà ilé kéwú wa, a sì ti ní kí ọmọ kankan má ṣe tọrọ àyè kó tó mu omi.

ÌBÉÈRÈ FÚN Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ

Lẹ́yìn tí ẹ bá kà á tán, kí òbí bi àwọn ọmọ:

1. Iṣẹ́ kí ni hóró pupa ń ṣe, ta ló sì ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn?

2. Ọ̀nà méjì wo ni ògì fi lè dà bí ẹni pé ó pọ̀ jù nínú ìkòkò?

3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù àti ẹ̀jẹ̀ ríru?

4. Kí nìdí tí jẹnẹrétọ̀ kò fi gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tàbí lẹ́nu fèrèsé?

5. Bí òòyì bá ń kọ́ ẹnì kan, kí ni kí ó kọ́kọ́ ṣe?

Ẹni tó bá rí àṣìṣe nínú ohun tí a kọ, kó jọ̀wọ́ mú un wá fún wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọlọ́run Ọba kó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kó sì fi àlàáfíà sí inú ilé wa níhìn-ín àti ní ìlú tí a ti wá. Àmín.